Ọ̀rọ̀ Ìyìn fún Ìwé Ìṣirò Jótámù

Lọ́dọ̀ wa ní Kònẹ́tíkọ́tì ní Amẹ́ríkà, bí èèyàn bá kọ ìwé ìṣirò, àfi kí àlùfáà kọ ọ̀rọ̀ ìyìn síwájú rẹ̀ kí atẹ̀wé tó fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí tíṣà wa, Jótámù Peck, fi la inú yìnyín wá sílé àlùfáà wa, Ẹniọ̀wọ̀ Thrall, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ìwé náà rèé."

"Gbé e síbẹ̀. Mo ti kọ ìyìn rẹ̀, ó ku kí n fọwọ́ sí i." Ó gbé bébà kan sókè. "'Irú ìwé yìí ò tíì sí rí.'"

"Ẹ ò mà tíì kà á, sà."

"Ìdí tí ìyìn náà fi dùn nìyẹn. Bí mo bá kà á, ẹ̀rí-ọkàn á dá sí i."

"Ó tì o! Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ ọ́. Ẹ ka ìṣirò kan péré, ẹ jọ̀ọ́."

"Àṣejù, baba àṣetẹ́ o, Jótámù."

Àlùfáà ṣí ìwé náà láàárín. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún kà á sókè.

"'Àlùfáà kan wàásù fún wákàtí méjì. Èèyàn mọ́kànlélọ́gọ́rin ló jókòó. Ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìdámẹ́ta àwọn tó ṣì lajú ń sùn lọ. Èèyàn mélòó ló ṣẹ́ kù tó lajú níparí?' Ta ni àlùfáà yìí?"

"Kò lórúkọ, sà. Ìṣirò lásán ni."

"Èèyàn mélòó ló wà nínú ìjọ mi?"

"Mọ́kàn... wọ́n pọ̀, sà."

Àlùfáà gbé bébà ìyìn sún mọ́ iná.

"Yéè! Bàbá, ẹ ṣàánú mi! Láìsí ìfọwọ́sí yín, atẹ̀wé ò ní gbà á. Ìyàwó mi sì ti ní bí ìwé yìí bá padà wálé, òun á fi dáná ẹ̀wà ni."

"Ọkùnrin tí ìjọ yàn láti máa fi ọ̀pá jí àwọn tó bá sùn ńkọ́?"

"Òun ló kọ́kọ́ sùn, sà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo lajú kedere, sà. Èmi ni mò ń kà wọ́n."

Àlùfáà ò rẹ́rìn-ín. "Kí ni ìdáhùn rẹ̀?"

"Èèyàn mẹ́rìndínlógún ló ṣẹ́ kù tó lajú, sà."

"Mẹ́rìndínlógún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Jótámù, èmi ni mò ń dúró lókè níbẹ̀. Mi ò rí ju mẹ́ta lọ rí, ajá Bàbá Higgins sì wà lára wọn. Níbo lo ti rí mẹ́rìndínlógún?"

"Mo... mo bu iyì kún un díẹ̀ ni, sà."

Àlùfáà gbé bébà kúrò nídìí iná. Ó ti kálámù bọ yíǹkì, ó fọwọ́ sí i.

"Gbà. Bí wọ́n bá máa tún ìwé náà tẹ̀, sọ ọ́ di ogún."