Bí Mo Ṣe Ròyìn Ọmọ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Jí Gbé

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí n ó fi di arúgbó tí kò léyín: ọjọ́ tí mo fi bírò ara mi jí ọmọ ọlọ́mọ gbé ní Hayin Banki. Ẹ má tíì pe ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná.

Oṣù mẹ́rin péré ni mo tíì lò ní Kaduna nígbà náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá láti kọ́ṣẹ́ ìròyìn. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ẹni tó bá ní ọ̀kan, ìgbànú ló máa ń fi í kọ́ sí kí gbogbo ayé lè rí i. Èmi ò ní fóònù, àmọ́ mo ní ìwé pélébé kan tó ń gbé inú àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo sì gbà pé torí kí n lè máa sọ òtítọ́ fún gbogbo Nàìjíríà ni Ọlọ́run ṣe dá mi. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò ìyá mi, ni mo ń gbé ní Hayin Banki. Tí wọ́n bá bi mí pé, "Ṣé ọbẹ̀ yẹn dùn?" n ó ní, "Àǹtí, iyọ̀ pọ̀ díẹ̀, ẹran sì kéré." Wọ́n á rọra gbé abọ́ kúrò níwájú mi. "Akọ̀ròyìn, ó dáa bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni wàá jẹ lálẹ́ òní."

Olùkọ́ wa, Màlámù Sani, ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá lẹ ìròyìn tó dára jù mọ́ pátákó kíláàsì wa, òun lòun máa mú lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò nígbà ìsinmi gígùn. Ẹnì kan ṣoṣo o. Òfin rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: fi ojú ara rẹ rí i, fi etí ara rẹ gbọ́ ọ, bi tọ̀tún bi tòsì. Mo kọ òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Àyè rédíò yẹn, bí kò bá jẹ́ tèmi, mi ò mọ ohun tí mo wá ṣe lókè Ọya.

Ìròyìn sì ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọkùnrin méjì kan wà níbẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú síra. Ọ̀kan ni Gónì télọ̀, Kànùrí láti Borno. Èkejì ni Bello onísúyà, Fúlàní. Hausa tí mo gbọ́ nígbà náà kò ju èyí tí èèyàn fi ń ra tòmátì lọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé èébú ni àlejò máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nínú èdè. Ojoojúmọ́ ni Gónì máa ń ké láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ pé, "Bello, bawana!" Ẹrú mi! Bello náà á na ọ̀bẹ súyà sí i: "Ta ni ẹrú? Ìwọ tí bàbá bàbá ẹ ń da màlúù fún wa!" Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì àti aago. Lábẹ́ rẹ̀ mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: ÌJÀ Ń BỌ̀.

Ìyàwó Bello wá bí ọmọkùnrin. Àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti lọ sí Ìlọrin, wọ́n sì fi rédíò kásẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀, èyí ńlá tó ń jẹ bátìrì mẹ́fà. Mo gbé e lé èjìká bí ẹni ru igi ìdáná. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó wà nínú ilé ni èyí tí wọ́n gba ohùn ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa sí, níbi tí Àǹtí ti dá orin kọ. Mo ní díẹ̀ ni n ó lò níbẹ̀. Wọn ò ní mọ̀.

Wọ́n ti ṣàdúà, wọ́n ti dárúkọ, wọ́n ti pín obì. Ìyá àgbà kan gbé ọmọ jáde kí àwọn ọkùnrin lè súre fún un. Gónì dìde, ó na ọwọ́, ó gba ọmọ. Ó ní, "Ẹrú mi bímọ. Ọmọ ẹrú mi, tèmi ni!" Ó fi bàbáńrìgá bo ọmọ, ó dá títì kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Bello ká ọwọ́ lérí: "Wayyo! Olè ti gbé ọmọ mi lọ o!" Àwọn tó kù jókòó, wọ́n ń jẹ obì. Èmi nìkan ni mo sáré. Bí mo ṣe ń sáré ni mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ inú bàsíà kunu, ohun mímu ọkà tí wọ́n fẹ́ fi ṣàlejò. Bàtà mi kún bámúbámú, ó wá ń dún pọ̀ṣọ̀, pọ̀ṣọ̀, títí mo fi dé iwájú ọ̀daràn.

Gónì ti tẹ́ ọmọ sórí aṣọ lórí tábìlì, ó ń fi téèpù wọn gígùn rẹ̀. Mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Mo fi Hausa tó ń ṣẹ́ lẹ́nu mi àti Píjìn bi í pé, "Baba, ṣé òótọ́ ni pé ẹrú yín ni Bello?"

"Òótọ́ ni. Kọ ọ́ sílẹ̀. Gàárì ẹṣin kan tó ti gbó ni bàbá bàbá mi fi ra bàbá bàbá rẹ̀. Wọ́n sì rẹ́ wa jẹ."

"Kí lẹ máa wá fi ọmọ yìí ṣe?"

"Á máa bá mi fi òwú sínú abẹ́rẹ́. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́."

Ẹ wo ìkà èèyàn! Mo dá títì padà lọ bi tòsì.

"Màlámù Bello, ṣé lóòótọ́ ló gbé ọmọ yín?"

"Ìwọ náà ò rí i ni? Ó gbé e!"

"Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?"

"Kí ni mo lè ṣe? Ará Borno ò mọ ojú ọmọ yàtọ̀ sí ojú ẹja. Kọ ìyẹn náà."

Mo wo ìyá ọmọ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó fara ti férémù, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àánú ṣe mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú."

Ó yẹ kí n dúró. Ẹni tórí rẹ̀ pé á dúró wo ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn máa já sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún wa pé bí àkàrà ni ìròyìn rí, tó bá ti tutù, ó tán. Mo fò sórí achaba, ọ̀kadà tiwọn níbẹ̀, ó di ilé-ìwé.

Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá ni mo fi kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n tú u: WỌ́N JÍ ỌMỌ ỌLỌ́JỌ́ MÉJE GBÉ NÍ OJÚMỌMỌ! TÉLỌ̀ NÍ ÒUN Ò KÁBÀÁMỌ̀. Mo fi gbólóhùn tí mo fẹ́ràn jù parí rẹ̀: "Títí di àsìkò tí a ń kọ ìròyìn yìí, wọn ò tíì dá ọmọ náà padà."

Kó tó di ọ̀sán, èrò ti bo pátákó. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo káwọ́ sáyà bí àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ ta. Àwọn kan ti jókòó sílẹ̀, àwọn kan di ara wọn mú, èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo ní, áà, ọ̀rọ̀ mi wọ̀ wọ́n lára, wọ́n ń sunkún.

Màlámù Sani dé, ó kà á láti òkè délẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rí rẹ dà?" Mo gbé rédíò sọ̀ kalẹ̀ nínú kíláàsì, mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn Gónì jáde ketekete: gàárì gbígbó, abẹ́rẹ́, ojú tí ò ríran. Bó ṣe sọ èyí tán báyìí, àfi gbàà! Àǹtí Bọ́sẹ̀ ké "Halelúyà!" látinú kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin sì gbè é. Ọmọ kíláàsì kan ṣubú lórí bẹ́ǹṣì.

Màlámù pa rédíò. Ó wá ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń báni kẹ́dùn. Ó ní láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni Kànùrí àti Fúlàní ti jọ máa ń dápàárá. Kálukú ló ń pe èkejì ní ẹrú, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ bínú. Bí wọ́n bá sọmọ lórúkọ, ẹni tí wọ́n jọ ń dápàárá lè gbé ọmọ lọ. Bàbá ọmọ á fi obì àti itan àgbò rà á padà.

"O ò dúró rí ìparí ẹ̀ ni?"

"Mi ò fẹ́ kí ìròyìn tutù ni, sà."

Ó mi orí. "Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìròyìn yìí pátá ló jẹ́ òótọ́. Ìròyìn yẹn gan-an ló jẹ́ irọ́."

Mo rí àyè rédíò mi tó ń fò lọ lójú fèrèsé bí ẹyẹ. Màlámù ní ibi tí àṣìṣe bá dé ni àtúnṣe gbọ́dọ̀ dé. Mo kọ àtúnṣe, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Nírọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé mi dé Hayin Banki. A bá Gónì àti Bello níbi tí wọ́n jọ ń jẹ itan àgbò nínú abọ́ kan. Ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń sùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo kà á sókè, Màlámù ń bá mi tú u sí Hausa: "Mo kọ ọ́ pé wọ́n jí ọmọ gbé. Ẹnikẹ́ni ò jí i. Mo kọ ọ́ pé orí ìyá ọmọ dà rú. Orí tirẹ̀ pé; bàtà mi ló ń fi rẹ́rìn-ín. Mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oní-kunu."

Gónì gbé ọwọ́ sókè. "Èmi náà ní àtúnṣe. Gàárì yẹn ò gbó púpọ̀."

"Irọ́!" ni Bello ké. "Èyí tó kọ tẹ́lẹ̀ ló dáa! Ó gbó!" Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Màlámù Sani yọ ìwé àkọsílẹ̀ mi lápò mi, ó tì í bọ àpò ara rẹ̀.

"Sà, ìwé mi."

"Ìwé ta ni? Ọmọ Gobir nílẹ̀ Hausa ni mí. Wọn ò sọ fún ẹ pé àwa ará Gobir la ni gbogbo ẹ̀yin Yorùbá? Bawana! Lọ wá obì kó o fi ra ìwé rẹ padà."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo gbọ́n díẹ̀ báyìí. Mo ní, "Sà, àgbàdo sísun kan ni bàbá bàbá mi fi ra bàbá bàbá yín. Ọjọ́ kejì ló dá wọn padà, ó ní wọ́n ń jẹun jù."

Gónì lu tábìlì. Bello fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé egungun mì. Màlámù rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nù. "Yauwa! Ìgbà yìí lo tó dé Kaduna." Ó fún mi níwèé mi. "Ẹni tó lè ka àṣìṣe ara rẹ̀ sókè lójú àwọn tó ṣẹ̀, a lè gbé maikirofóònù fún un. Ọjọ́ Ajé, aago méje. Wọ bàtà gbígbẹ."

Àyè náà padà di tèmi nìyẹn. Àǹtí Bọ́sẹ̀ dé láti Ìlọrin, wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, Gónì ló dá wọn lóhùn. Mo sọ bó ṣe jẹ́ gan-an. Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ òtítọ́.

Ìkéde ohun tó sọnù ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi kà ní rédíò. Ọjọ́ àkọ́kọ́, bàbá kan láti Kano wọlé, ó ní wọ́n jí ewúrẹ́ òun. Ọmọṣẹ́ mìíràn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Èmi fi bírò sílẹ̀. Mo ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ẹni tẹ́ ẹ jọ máa ń dápàárá?" Bàbá ronú díẹ̀, ó gbá itan: "Kai! Ará Zaria yẹn!" Ó sáré jáde. A ò rí i mọ́, a ò sì ka ìkéde kankan.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ojú lè rí, etí lè gbọ́, kó má tíì di òtítọ́, àfi tí ẹsẹ̀ bá dúró dé ìparí. Mo ti dàgbà báyìí, mo máa ń dúró. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ pọ̀ṣọ̀, pọ̀ṣọ̀ nínú bàtà ẹnikẹ́ni lásìkò òjò, ẹ̀rín ara mi ló máa ń pa mí.