Ìkéde fún Gbogbo Ẹni tó Mọ Ọ̀rọ̀ Ìwọlé Ìlú Arógunmásàá: Ẹ Gbàgbé Rẹ̀!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Arógunmásàá, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń lọ ata, kó pa ẹ̀rọ. Ẹni tó ń wẹ̀, kó fi ọṣẹ sílẹ̀ lára, kó yọ etí síta. Ọ̀rọ̀ ààfin ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ akéde. Akéde ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ di èyí mú: kì í ṣe ọ̀rọ̀ akéde!

Kábíyèsí kí yín. Kábíyèsí ń bínú sí yín. Méjèèjì ni kí ẹ gbà.

Ẹ ò ní gbàgbé pé ìlú yìí ra orúkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ìlú wa gan-an ni, kí ayé lè máa rí wa. Ìlú tún háyà ilé fún orúkọ náà. Ilé ọ̀hún kì í ṣe oníbíríkì o. Ẹ̀rọ ńlá kan ni, sáfà ni wọ́n ń pè é, inú rẹ̀ ni ojú ewé ìlú wa ń gbé. Orúkọ wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ilé wà lọ́wọ́ onílé. Orúkọ ò mọ ilé. Ilé ò mọ orúkọ. Ìyẹn ló mú Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ Baba Káfíńtà, tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wá láti Ìbàdàn. Ó kọ nọ́ńbà ilé náà síwájú orúkọ, nínú ìwé ẹni tó tà á. Ó ní kí a fún un ní ọjọ́ méjì, kí ìròyìn fi yí ayé ká. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ gbọ́ o! Ó sọ ọ́! Ó sọ ọ́ lójú gbogbo ìjòyè!

Ẹ jẹ́ kí akéde wẹ̀yìn wò ná. Kò sí ìránṣẹ́ ààfin nítòsí. Ó dáa.

Àṣà ìlú yìí ni pé ohun tuntun tí akéde kò bá tíì ké ní àdúgbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò tíì di ti ìlú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe nígbà kànga. Bẹ́ẹ̀ la ṣe nígbà ẹ̀rọ amúnáwá. Nítorí náà, Olóyè Ọ̀tún ní kí akéde ké gbogbo rẹ̀. Akéde bi wọ́n pé ṣé gbogbo rẹ̀ náà ni, títí kan ọ̀rọ̀ ìwọlé, èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó lè yí nọ́ńbà ilé padà? Olóyè Ọ̀tún ní ṣé akéde ti joyè ni, tó fi ń yan èyí tí yóò ké? Akéde ké e. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni. Ẹ sì gbọ́ ọ dáadáa! Àwọn kan tiẹ̀ ní kí ó tún un pè, pé àwọn ò gbọ́ ìparí rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Wákílù onígbàjámọ̀ ti wọlé, ó ti yí orúkọ ìlú sí ojú ewé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ní Ọjọ́rú, Wúràọlá aránṣọ yí i sí tiẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn alápatà gbà á lọ́wọ́ Wúràọlá. Wákílù tún gbà á padà! Àwọn ọmọ wa lókè òkun tẹ orúkọ ìlú baba wọn, orí fífá ni wọ́n rí! Ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ màlúù ló rí! Wákílù, má fọwọ́ bo ẹnu, akéde ń wò ọ́.

Lánàá, ìgbìmọ̀ jókòó láti wádìí ẹni tó tú àṣírí. Wọ́n wo òkè. Wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n wá wo akéde. Olóyè Òsì ní ohùn Ọ̀jẹ́wùmí akéde ni ìlú gbọ́, kì í ṣe ohùn Ọ̀tún. Ọ̀tún ní òótọ́ ni, òun ò pariwo. Ọ̀jẹ́wùmí ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìwé mẹ́fà ló kà. Iṣẹ́ yìí nìkan ló mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn dárí jì í. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ìwọlé bá tún jáde, kí ó gbé agogo sílẹ̀, kí ó sì fi ìlú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Nítorí náà, àṣẹ!

Ìkíní: Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwọlé àtijọ́ gbọ́dọ̀ gbàgbé rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó bá rántí rẹ̀, ewúrẹ́ kan. Ẹni tó bá rántí pé òun ti gbàgbé, ewúrẹ́ méjì! Mọ́rẹ́nikẹ́ ní kò pọn dandan, òun ti pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Ìgbìmọ̀ ní àṣẹ ni àṣẹ ń jẹ́.

Ìkejì: Mọ́rẹ́nikẹ́ ti dá nọ́ńbà tó tọ́ padà láàárọ̀ yìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì gbáko! Ẹni tó bá yí i, yóò gbá ojúde ààfin fún oṣù mẹ́ta, yóò sì máa kí gbogbo àgùntàn tó bá kọjá pé ẹ kú ìrìn.

Ìkẹta: Kí ẹnikẹ́ni má máa yẹ fóònù wò láti mọ̀ bóyá orúkọ ti délé. Olóyè Òsì ní ojú tó pọ̀ jù ló ń dá arìnrìn-àjò dúró. Fóònù ẹni tó bá rú òfin yìí, a ó gbà á, a ó gbé e fún Olóyè Òsì, ẹni tó ti ń wá fóònù tuntun.

Ìkẹrin: Ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun ti wà. Ẹ̀rọ ló bá Mọ́rẹ́nikẹ́ yàn án. Ó gùn, ó lọ́, nọ́ńbà wà nínú ẹ̀, àmì ìyanu wà nínú ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ò lè kà á lórí. Inú ìwé kan ṣoṣo ló wà. Àwọn ìjòyè kọ̀, wọn ò wò ó. Wọ́n kọjú sí ògiri, kí ẹnikẹ́ni má baà fi sùn wọ́n lọ́la. Wọ́n ní kí wọ́n fún akéde.

Ìkarùn-ún: Àṣà kì í yẹ̀. Akéde gbọ́dọ̀ ké ọ̀rọ̀ tuntun náà ní àdúgbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ó ké e ketekete. Kí etí kan má sì gbọ́ ọ!

Ẹ gbọ́ o! Akéde tún un kà. Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn. Kí ó ké e. Kí etí kan má gbọ́ ọ.

Ìwé náà rèé. Ẹ dúró níbi tí ẹ wà! Ta ló ń gbé fóònù sókè yẹn? Wúràọlá, ọmọ dáadáa, kí lo ń fi páálí àti bírò ṣe? Ẹ̀yin alápatà, ẹ tó mẹ́jọ níbí, ẹ kì í sì í wá síbi ìkéde tẹ́lẹ̀. Wákílù, oníbàárà tó o fá ìlàjì orí rẹ̀ sílẹ̀ ń dúró dè ọ́!

Ìyàwó akéde wà lẹ́yìn yẹn. Ó sọ ọ́ láàárọ̀ pé bí wọ́n bá lé àwọn, òun ò mọ ìlú tí àwọn máa forí lé lọ́jọ́ ogbó. Akéde rí i.

Ó dáa. Ẹ gbọ́ o.

Akéde ti ki ìwé náà bọ ẹnu. Ẹ má sáré wá! Ó ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ fara mọ́ ọn bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò bá já gaara. Bírò yìí korò... Ó ti gbé e mì.

Ẹ wo ahọ́n rẹ̀! Kò sí nǹkan kan níbẹ̀!

Mọ́rẹ́nikẹ́ ló ń rẹ́rìn-ín bọ̀ yẹn. Ó ní kò sí ẹni tó lè wọlé mọ́: Wákílù ò lè wọlé, alápatà ò lè wọlé, Ọ̀tún ò lè wọlé, Kábíyèsí pàápàá ò lè wọlé. Nọ́ńbà tó tọ́ ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa wà. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ọwọ́ gbogbo Arógunmásàá máa kúrò lára nǹkan kan fún odindi ọjọ́ méjì.

Lọ́túnla, orúkọ á délé!

Bí wọ́n ṣe rán akéde ló ṣe jẹ́ ẹ. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó sùn. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ikùn akéde ni kó bi. Kádé pẹ́ lórí o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá akéde bu omi.