Baba Òkun, Àna Yìnyín

Bí ẹ bá ń wá ọkùnrin tó mọ òkun ju ẹja lọ, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú dé etí òkun. Ẹ lọ sí òpópónà àwọn tó ń tún bàtà ṣe, ẹ gun àkàbà ilé alájà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù olóògùn, kí ẹ kan ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún. Baba Òkun ló máa dá yín lóhùn. Baba Òkun, Ọkọ Ìgbì, Àna Yìnyín, Ẹja Ńlá Tí Ń Wọ Kóòtù. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní gbogbo orúkọ yẹn. Ẹnikẹ́ni ò bá a dá sí i.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn tí ọwọ́ wọn tó o ṣètò ìrìn àjò afẹ́ lórí omi. Á bá wọn wá ọkọ̀ tó dáa, á bá wọn mú yàrá, á sọ irú aṣọ òtútù tí wọ́n máa kó dání fún wọn. Iṣẹ́ gidi ni, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ Baba Òkun ò fẹ́ kí ẹnì kankan pe òun ní ẹni tó ń bá èèyàn mú yàrá. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé gbà pé òun àti òkun jọ ń sùn lórí ẹní kan náà ni.

Fìlà ọ̀gá ọkọ̀ ló máa ń dé láti àárọ̀ dalẹ́. Télọ̀ tó ń rán aṣọ fún ẹgbẹ́ onífèrè ilé ẹ̀kọ́ ló bá a rán an. Àwòrán rẹ̀ bo gbogbo ògiri: òun níwájú ìgbì, òun níwájú òkè yìnyín, òun láàárín àwọn ẹyẹ dúdú-funfun tí wọ́n máa ń rìn bí agbẹjọ́rò tó ń lọ sílé ẹjọ́. Ilé ayàwòrán kan náà ló ti ya gbogbo wọn, níwájú aṣọ tí wọ́n kun ọ̀dà sí. Bí ẹ bá sì wo òkè yìnyín tó tóbi jù yẹn dáadáa, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń tan iná lára ògiri. Lókè ilẹ̀kùn, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: OJÚ TÓ TI RÍ ÒKUN KÒ NÍ RÍ Ọ̀SÀ KÓ BẸ̀RÙ.

Èyí tó wá pabanbarì ni ìrìn rẹ̀. Baba Òkun kì í rìn gbọọrọ bí èmi àti ẹ̀yin. Á fì sọ́tùn-ún, á fì sósì, á gbá tábìlì mú, á mí kanlẹ̀. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tó ṣe é, á ní ilẹ̀ ló ń da òun láàmú, pé kì í mì, pé ẹni tó bá ti pẹ́ lórí omi, ilẹ̀ tó dúró sójú kan máa ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣubú ni. Lọ́jọ́ kan ó fì títí ó fi jókòó sórí itan ìyàwó máníjà báńkì. Ìyàwó máníjà ní kò burú, ó ní òun mọ̀ pé òkun ló fà á.

Bí wọ́n bá bi í pé báwo ni òkè yìnyín ṣe rí, á pa ojú dé, á ronú, á wá ní, "Ó tutù." Oníbàárà á sì mi orí bí ẹni tí wọ́n tú àṣírí ńlá fún.

Òótọ́ ibẹ̀ rèé o, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Baba Òkun ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Ìgbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ onígi gbé e sọdá odò kékeré kan báyìí, odò tí ewúrẹ́ lè fi ẹsẹ̀ là kọjá. Ó ké, ó jà, ó tọ̀ sórí itan ẹni tó gbé e, wọ́n sì dá ọkọ̀ padà. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, inú abọ́ ló ti ń bu omi wẹ̀, tórí pé bí omi bá pọ̀ níwájú rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa já. Gbogbo ìgbà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá sì pè é pé kó jẹ́ káwọn jọ lọ, ìgbà yẹn gan-an ni ìbàdí máa ń ro ó.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Itan rẹ̀ ló tọ̀ sí lọ́jọ́ náà. Àgbàlagbà obìnrin yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí, gbogbo èèyàn ló sì ń pè é ní Màmá Agbẹ̀bí. Kò sọ̀rọ̀ náà létí ẹnì kankan rí. Ó ní ọmọ tí èèyàn bá ti gbé sórí itan, èèyàn kì í fi ìtọ̀ rẹ̀ ṣe ìròyìn.

Ojú ló wá ń yọ Màmá Agbẹ̀bí lẹ́nu. Dókítà ti sọ fún un pé ojú òsì ń lọ, ọ̀tún náà sì ń tẹ̀ lé e. Kò sunkún. Ó kàn ní láti kékeré lòun ti ń fẹ́ rí òkè yìnyín tó ń léfòó lórí òkun, ó ní kí òkùnkùn tó bo òun, òun fẹ́ lọ fi ojú òun rí i. Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì ní ibi tó bá ń lọ làwọn náà ń lọ. Ló bá kó gbogbo wọn tọ àbúrò rẹ̀ wá.

Nígbà tí àwọn tó ni ọkọ̀ rí bí èrò náà ṣe pọ̀ tó, inú wọn dùn, wọ́n fi yàrá kan ta wọ́n lọ́rẹ. Kì í ṣe yàrá lásán. Òkè pátápátá ló wà, ó ní bákónì tirẹ̀, gíláàsì fífẹ̀ tí èèyàn lè jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nínú ooru kó máa wo òkun bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó ní ìránṣẹ́ tí á máa gbé oúnjẹ wá nígbàkigbà. Wọ́n sọ ọ́ ní kedere pé kí ẹgbẹ́ fún ẹni tó bá wù wọ́n. Àwọn nọ́ọ̀sì sì ti fẹnu kò tipẹ́ pé ohun rere tó bá wọlé, ti Màmá Agbẹ̀bí ni, nítorí ojú rẹ̀, àti nítorí pé orúnkún rẹ̀ ò gbà kó máa lọ dúró nínú òtútù níta.

Ọwọ́ Baba Òkun ni lẹ́tà wọn kọ́kọ́ bọ́ sí. Ó kà á, itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀. Yàrá òkè, oúnjẹ àjẹrìn, ìránṣẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́! Ẹ̀rù ọdún gbọọrọ ṣáà wà lọ́kàn rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ wọlé, ó gbá ẹ̀rù létí, ó sì jókòó sípò rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tó tóbi tó ilé ìwòsàn, òun á ṣe bí ẹni pé ilé ni. Òun ò ṣáà ní wo ìsàlẹ̀.

Ló bá pe àwọn nọ́ọ̀sì jọ, ó fì sọ́tùn-ún fì sósì, ó ní, "Òfin òkun ni. Olórí ikọ̀ ló ni yàrá òkè."

Nínú wọn, ta ló mọ òfin òkun? Wọ́n wo ara wọn, wọ́n gbà. Yàrá tó sì mú fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó fara ti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń pariwo, kò ní ojú fèrèsé kankan. Màmá Agbẹ̀bí dúró de ìgbà tí àwọn yòókù ti lọ.

"Àbúrò mi, yàrá yìí ò ní fèrèsé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ fi fèrèsé ṣe? Òkun kan náà ni."

"Ojú mi ni mo fẹ́ fi wò ó, kì í ṣe ẹ̀yìn mi."

"Ẹ ó máa gòkè wá wò ó lọ́dọ̀ mi," ni Baba Òkun wí. "Nígbà tí mi ò bá sùn."

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá yìí wọra. Ká ní ó la ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, orúkọ Baba Òkun ì bá ti di Baba Ìtọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ó gbé báàgì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà ní jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ ìrìn àjò pé. Baba Òkun fi awò dúdú bojú kó má baà rí omi, ó di ọwọ́ àkàbà ọkọ̀ mú bí ẹni di ọ̀já ìyá rẹ̀ mú, ó wọlé. Bó ṣe dé yàrá, ó fa aṣọ bo gbogbo gíláàsì, ó sì gbàgbé òkun pátápátá. Ó pàṣẹ ẹran sísun. Ó pàṣẹ àkàrà òyìnbó. Ó tún pàṣẹ ẹran sísun, ó ní ti àkọ́kọ́ yẹn òun kàn tọ́ ọ wò ni.

Ìránṣẹ́ yàrá wá sọ fún un pé gbogbo èrò ń péjọ nísàlẹ̀, pé ọ̀gá ọkọ̀ fẹ́ ṣàlàyé ohun kan kí ọkọ̀ tó gbéra. Baba Òkun rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Èmi? Wọ́n fẹ́ ṣàlàyé òkun fún èmi?" Ó ní kó wá lọ gbé wàràkàṣì wá.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ṣàlàyé nísàlẹ̀ kò ju báyìí lọ: pé kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, fèrè ńlá kan máa dún. Kò sí ewu kankan, ìdánrawò lásán ni. Kí kálukú wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, kí wọ́n rọra wá tò síbi tí wọ́n fi hàn wọ́n. Kò sí ọkọ̀ tí kì í ṣe é. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ rí lẹ́ẹ̀kan péré mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà ilé.

Fèrè dún. Ó dún kúkurú, kúkurú, kúkurú, ó wá fi ọ̀kan tó gùn parí rẹ̀, àwo sì ń gbọ̀n lórí tábìlì.

Baba Òkun wà nínú aṣọ ìnura nìkan lákòókò náà. Ó fò dìde. Ọkọ̀ ti ń rì! Ó fi ẹ̀wù ọsàn náà kọ́rùn, iwájú wà lẹ́yìn, ó gbé fìlà ọ̀gá ọkọ̀ lé orí, ó sì fi eré sí i.

Nísàlẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń bá ara wọn di okùn ẹ̀wù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àfi gbìì! Baba Òkun ti ọ̀kan sọ́tùn-ún, ó ti ọ̀kan sósì, ó gba abẹ́ apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá, ó sì gun ọkọ̀ kékeré tí wọ́n so kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá fún ọjọ́ ewu. Ó jókòó síwájú pátápátá.

"Ẹ já okùn! Ẹ já a, ọkọ̀ ti ń rì!"

Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan, tí kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni, bi í pé àwọn màmá wọ̀nyí ńkọ́.

"Ẹ fi àwọn arúgbó sílẹ̀! Wọ́n ti jẹ ayé tiwọn!"

Ọkọ̀ tó ń rì yìí, ẹ jọ̀ọ́, okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì so ó mọ́ èbúté. Àwọn alábàárù ṣì ń ru àpò àlùbọ́sà wọ inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ àpò kalẹ̀, ó fi ṣe àga, ó ní òun ò lọ síbì kankan mọ́.

Màmá Agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Ohùn tó máa ń lò fún aboyún tó ń rọbí ló fi bá a sọ̀rọ̀. "Gba atẹ́gùn símú. Fẹ́ ẹ síta. Má tì o, àkókò títì ò tíì tó." Baba Òkun gba atẹ́gùn símú, ó fẹ́ ẹ síta. Ó tilẹ̀ kérora díẹ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀gá ọkọ̀ gidi dé. Obìnrin kúkurú kan ni, ó wọ súwẹ́tà, ó mú ife tíì lọ́wọ́, kò dé fìlà. Ó wo fìlà Baba Òkun títí, ó wá fi ọ̀wọ̀ bi í pé ṣé wọn kì í ṣe ìdánrawò nínú àwọn ọkọ̀ tó ti wọ̀ ni.

"Ọkọ̀ wo?" ni Baba Òkun wí, ẹkún ti ń bọ̀. "Mi ò wọ ọkọ̀ omi kankan rí láyé mi! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn. Ẹ sọ ti ọkọ̀ onígi ọjọ́sí fún wọn!"

"Èmi ò sọ ọ́ rí," ni Màmá Agbẹ̀bí wí. "Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ yẹn."

Ọ̀gá ọkọ̀ ní kò burú, kó sọ̀ kalẹ̀, pé àwọn máa tún fèrè náà fọn nítorí tirẹ̀, kó lè fara balẹ̀ ṣe é. Bí Baba Òkun ṣe gbọ́ pé fèrè máa tún dún, kò dúró gbọ́ ìyókù. Àkàbà ọkọ̀ ló bá lọ, ó di orí ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó ẹrù òun wá, òun ò ṣe mọ́.

Wọ́n gbé àpótí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Alábàárù méjì ló gbé e, wọ́n sì ń làágùn. Baba Òkun ṣí i níṣojú gbogbo èrò kó lè mú ṣòkòtò wọ̀. Kò sí ṣòkòtò níbẹ̀. Ọṣẹ ọkọ̀ ló wà níbẹ̀, aṣọ ìnura ọkọ̀, ṣíbí ọkọ̀, búrẹ́dì ọkọ̀, wàràkàṣì tó ṣì tutù, àti ìkòkò tíì kan tí wáyà rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ṣé ẹ rí i, àyè ò gba ṣòkòtò mọ́, ó ti yọ ọ́ sílẹ̀ lórí àga yàrá òkè.

Ìránṣẹ́ yàrá wá béèrè ẹni tó ni yàrá náà báyìí. Àwọn nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Òfin òkun ni," ni wọ́n wí lẹ́ẹ̀kan náà. "Olórí ikọ̀ ló ni yàrá òkè. A ti yan olórí."

Wọ́n mú Màmá Agbẹ̀bí lọ́wọ́, wọ́n gbé e gòkè. Ó fa aṣọ kúrò lójú gíláàsì, ó jáde sí bákónì. Òkun tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀, ojú tó kù fún un sì rí gbogbo rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó wo ìsàlẹ̀. Wọ́n ti tú okùn, ọkọ̀ ti ń rọra fi èbúté sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" ni Baba Òkun ń pè láti orí ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di aṣọ ìnura mú, ó fi ìkejì di fìlà mú. "Yàrá tèmi nìyẹn o! Níbo lẹ fẹ́ kí èmi ti wo òkun?"

"Níbẹ̀ yẹn náà, àbúrò mi," ni Màmá Agbẹ̀bí wí. "Òkun kan náà ni."

"Ó dáa, ẹ ju ṣòkòtò mi sí mi!"

Èyí kò le. Ó mú ṣòkòtò lórí àga, ó ká a dáadáa, ó jù ú. Atẹ́gùn gbà á lójú òfuurufú, ó tú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì gbé e lé orí omi. Ìgbì gbà á, ó ń gbé e tẹ̀ lé ọkọ̀ lọ. Nínú gbogbo ohun tí Baba Òkun ní láyé, ṣòkòtò yẹn nìkan ló rin ìrìn àjò lórí òkun.