Gègé Wúrà Gbá Èèrà Dànù

Ẹ yà lọ́nà. Gègé Wúrà ló ń bọ̀ yẹn, àgbà ayàwòrán tí kì í ya àwòrán, baba ẹni tó ń fọwọ́ sí ohun tí kò ṣe. Bó bá ń bọ̀, ikùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé, gègé aláwọ̀ wúrà tó wà lápò àyà rẹ̀ á tẹ̀ lé e, òun alára á wá wọlé nígbẹ̀yìn, nítorí ó ní ènìyàn ńlá kì í sáré wọ ibi tí wọ́n ti ń dúró dè é.

Gègé náà ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ń dán, ó wúwo, ó sì wà nínú gbogbo fọ́tò tí ọ̀gá wa yà rí. Láti ọjọ́ tó ti rà á, kò sí íǹkì nínú rẹ̀. Ó ní íǹkì lè ba àpò jẹ́.

Ohun tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ni kọ́míìkì kan tó ń jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní òwúrọ̀ gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Bàtà Asálọ ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe ni. Gbogbo bàtà tó bá ti tún ṣe tán á bẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, oníbàtà á sì gbá tẹ̀ lé e láìwọ bàtà. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ń kà á níbi iṣẹ́, tí wọ́n á fi fáìlì bo fóònù kí ọ̀gá má baà rí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi yọjú wo ilé ìdáná wọn, kí ẹ rí ẹni tó ń yà á.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ló jókòó sídìí tábìlì yẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń ta ọ̀dà ní ṣọ́ọ̀bù kan. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú, ó ń ya bàtà. Òun ló ń ro ìtàn, òun ló ń yà á, òun ló ń kùn ún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á nà gbalaja sórí àga gígùn, á di ojú méjèèjì, á ní òun ń ronú. Ìrònú náà máa ń dún dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Bí iṣẹ́ bá parí, á dìde, á kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀ àwòrán ní lẹ́tà tó tóbi ju bàtà lọ, á wá fi ìka kan ṣoṣo tẹ bọ́tìnì tó ń gbé e jáde. Lẹ́yìn náà á máa na ìka ọ̀hún, á ní iṣẹ́ ọpọlọ ń rẹ ènìyàn.

Kò ka Bàtà Asálọ rí. Ó ní adìẹ tó bá ń jẹ ẹyin ara rẹ̀ ti ya wèrè. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkàwé ń kọ sábẹ́ rẹ̀ náà, kì í kà á. Iye rẹ̀ ló máa ń wò.

Àwọn òǹkàwé yìí ń pe ara wọn ní Ọmọ Èèrà. Oníròyìn kan bi í nígbà kan pé kí ló fa orúkọ bẹ́ẹ̀. Gègé Wúrà wú bíi búrẹ́dì, ó ní, "Ṣé ẹ ò rí i ni? Ṣúgà ni mí. Ibi tí ṣúgà bá wà lèèrà ń tò lọ."

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àbúrò rẹ̀ ló ń fi èèrà kan pamọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, èèrà bíńtín. Ó lè wà nínú irùngbọ̀n oníbàtà, ó lè gun ọwọ́ aago, ó lè máa yọjú nínú ihò okùn bàtà. Lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n tó ka ìtàn, èèrà ni wọ́n á kọ́kọ́ wá. Tọkọtaya kan tilẹ̀ wà tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì, nítorí ọkọ sọ ibi tó wà kí ìyàwó tó rí i.

Ó nídìí tí àbúrò fi ń yà á. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ̀ láti fi orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́, ó dùn ún dé egungun. Ó wá ní bí orúkọ òun ò bá lè wà níbẹ̀, kí ohun kékeré kan tó jẹ́ tòun wà níbẹ̀.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní àwọn fẹ́ kó Bàtà Asálọ jọ sínú ìwé. Níbi àjọ̀dún ìwé ni wọ́n ti máa gbé e jáde, níwájú gbogbo èrò. Lọ́jọ́ náà gan-an, lórí ìtàgé, Gègé Wúrà yóò tọwọ́ bọ̀wé pé òun á tún ṣe mẹ́ta sí i fún wọn. Àbúrò bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí orúkọ òun wà nínú ìwé yìí, kódà kó jẹ́ lẹ́yìn pátápátá, níbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí.

Gègé Wúrà wúkọ́. "Orí méjì kì í dé fìlà kan, àbúrò mi. Jẹ́ ká rí ọdún tó ń bọ̀ ná."

Ọdún kẹrin rèé tí ọdún tó ń bọ̀ ti ń bọ̀. Àbúrò pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n òun bá lè fi orúkọ tirẹ̀ nìkan tọwọ́ bọ̀wé fún ìwé mẹ́ta yẹn, òun ò tún ní í ya bàtà mọ́ láyé òun.

Nígbà tó ku oṣù kan, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sílé kí ayàwòrán yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di títẹ̀. Àbúrò wà níbi iṣẹ́. Bí Gègé Wúrà ṣe ṣí iṣẹ́ ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò tíì dé ojú ewé kejì tó fi rí nǹkan dúdú kan létí fèrèsé atúnbàtàṣe. Ó fi èékánná ha á, kò kúrò. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó dáadáa: kòkòrò ni. Ó ṣí ojú ewé kejì, òmíràn rèé. Ara rẹ̀ gbóná. Ó ní àwọn òǹtẹ̀wé onídọ̀tí yìí ti fi kòkòrò ba iṣẹ́ òun jẹ́.

Ó mú báírò pupa, ó jókòó ti ìwé náà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ó fi òbíríkítí yí gbogbo wọn ká. Igba ó lé méjìlá ni wọ́n, kò fo ọ̀kan ṣoṣo. Èèrà tí àwọn Ọmọ Èèrà ń fojú wá kiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun rí wọn kíá, nítorí kò sí awò tó mú bí ojú ẹni tó ń wá ẹ̀bi ẹlòmíì. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn nìkan ló ṣiṣẹ́ lórí Bàtà Asálọ rí, ó sì ṣe é dé ojú àmì. Àwọn tó ń tẹ̀wé, tí wọn kì í ka kọ́míìkì, bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, wọ́n gbá gbogbo èèrà dànù.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn Ọmọ Èèrà wọ bàtà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò jọ tòsì, wọ́n fi wáyà ṣe ìwo èèrà méjì méjì sórí. Gègé Wúrà rò pé adé ni wọ́n fi wáyà ṣe láti fi yẹ́ òun sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ bí ọba. Àbúrò ló ru páálí ìwé wọlé. Ó já páálí, ó ṣí ìwé kan, ó ń wá èèrà rẹ̀. Kò sí. Ó ṣí òmíràn, kò sí. Omijé lé ròrò sójú rẹ̀.

Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èèrà..."

"Bí èèrà bá wà lórí tábìlì, nù ún. Kó o sì bá mi wá omi tútù wá, mo ti fẹ́ gun ìtàgé."

Àbúrò gbé ife, ó lọ.

Àwọn èrò ra ìwé tán, wọ́n tẹrí mọ́ ọn. Wọ́n ń ṣí i síwájú, wọ́n ń ṣí i sẹ́yìn, wọ́n ń gbé e sún mọ́ iná. Gègé Wúrà wò wọ́n láti orí ìtàgé, inú rẹ̀ dùn débi pé bọ́tìnì kan já lára ẹ̀wù rẹ̀. Ìyáàfin òǹtẹ̀wé tẹ́ ìwé àdéhùn sórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó ní kí òǹkàwé kan kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀.

Màmá Awò ló dìde. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì gbé awò ọlọ́wọ́ kan dání, èyí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Kò sí èèrà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti wo ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò rí èèrà kankan."

Gègé Wúrà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dìde kí wọ́n lè rí i dáadáa. "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ kíyè sí i. Igba ó lé méjìlá ni wọ́n, ọwọ́ mi yìí ni mo fi sàmì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdọ̀tí ni wọ́n fẹ́ fi ba iṣẹ́ mi jẹ́. Mo ní kí wọ́n gbá a dànù."

Wáyà tẹ̀ lórí ẹni méjì níwájú. Màmá Awò bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe gbogbo àwa tá a jókòó síbí?"

"Ọmọ Èèrà ni, Màmá. Nítorí pé ṣúgà ni mí."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìkejì gbà á, ìlà ìjókòó kan gbà á, kò pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi ń di ikùn mú. Gègé Wúrà rò pé àwàdà òun ló dùn mọ́ wọn, òun náà bá wọn rín in, òun ló sì rín in pẹ́ jù.

Ìyáàfin òǹtẹ̀wé ò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀, òógùn sì ti bò ó. Ó fa pátákó funfun kan wá síwájú, ó ní kí ọ̀gá kàn yára ya èèrà kan kí ọkàn èrò lè balẹ̀. Gègé Wúrà yọ gègé rẹ̀, ó fi ha pátákó títí, kò kọ. Wọ́n fún un ní máákà. Ó ya nǹkan róbótó kan, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i, ó tún fi ìrù sí i kó má baà jọ iṣu.

"Ẹsẹ̀ mélòó ni èèrà ní?" Màmá Awò béèrè, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bi ọmọ kíláàsì kìíní.

Gègé Wúrà fi ẹsẹ̀ kan kún un. Ó wo ojú Màmá, ó rí i pé kò tíì tó.

"Arọ ni èyí," ló wí.

Àsìkò yẹn ni àbúrò gbé omi dé. Ó gbé ife fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá rí ohun tó wà lórí pátákó. Ara rẹ̀ ò gbà á. Kó tó mọ̀, ó ti mú máákà, ó nu ìrù kúrò, ó fa ìlà bíi mélòó kan, èèrà jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́fà, ó ru bàtà sórí, ó ń sá lọ. Ẹ̀rín dákẹ́.

Màmá Awò gbé awò rẹ̀ sókè. "Tiwa gan-an nìyẹn. Ta ni ọ́, ọmọ mi?"

"Èmi ni mo ń yà á, Mà. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Gègé Wúrà ní àbúrò òun ni, ó máa ń bá òun gbé omi. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, nítorí ariwo ti sọ. Ó rí i tí ìyáàfin òǹtẹ̀wé ń na ọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ó já a gbà, ó tẹ́ ẹ lé itan, ó sì fi gègé wúrà kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ fàlàlà láti etí kan dé èkejì. Ó gbé e sókè kí gbogbo ayé lè rí i. Bébà náà funfun gbòò.

Máákà ni àbúrò fi kọ tirẹ̀.

Ọmọ Èèrà tò jáde dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kí àbúrò bá wọn dá èèrà padà sí ibi tó ti wà. Àbúrò náà ò lè rántí gbogbo ibẹ̀ tán. Ẹnì kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn ló mọ̀ ọ́n, ẹni tó fi báírò pupa yí wọn ká. Wọ́n gbé àpótí kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga àbúrò, wọ́n fi Gègé Wúrà jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí wọ́n bá ti ṣí ìwé, á na ìka kan ṣoṣo yẹn, á ní, "Ibí ni."