Ẹranko Túndírà ní Adéwọlé

Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Níwájú ilé kan ní Adéwọlé, nílùú Ìlọrin, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Àbdùlkàrímù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ kan di etí bíi tàwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ó sì gbé tọ́ọ̀ṣì síwájú ẹnu bí ẹni mú máìkì. Ràúdátù, ìyàwó Túndé àbúrò rẹ̀, ń sá aṣọ sórí okùn lágbàlá kejì, lẹ́yìn ògiri kúkurú tó pààlà ilé wọn.

"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ kú ìkàlẹ̀! Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹranko... Túndírà!"

Aṣọ jábọ́ lọ́wọ́ Ràúdátù.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní Túndé rà kí ni?"

"Ẹranko." Àbdùlkàrímù ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn pé òun ti rí olùgbọ́ kan. "Ẹranko Túndírà."

"Ọkọ mi, Báa Ahmad, tó ní kò sí àgbò lọ́dún yìí?"

"Àgbò kọ́. Àgbò kéré. Oríṣiríṣi ẹranko ni."

"Oríṣiríṣi! Níbo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n jìnnà. Apá àríwá lọ́hùn-ún."

"Malete! Lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀!"

"Ó kọjá Malete. Ó kọjá Sókótó. Ó kọjá aṣálẹ̀ àwọn oníràkúnmí, ó tún kọjá òkun. Ibẹ̀ tutù débi pé ilẹ̀ dì gbagidi bí ẹja inú fíríìsà. Igi ńlá ò lè hù níbẹ̀."

"Ta ló wá ń bá a tọ́jú wọn?"

"Ọlọ́run."

"Bọ̀dá, ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run bo nǹkan mọ́lẹ̀. Èèyàn ńkọ́?"

"Ó dáa, èèyàn náà wà. Àwọn ará ibẹ̀ ń sin àgbọ̀nrín kan, wọ́n ń fi í fa ẹrù, wọ́n sì ń fún wàrà rẹ̀ mu."

"Ta ló ń fún wàrà? Ọkùnrin àbí obìnrin?"

Àbdùlkàrímù ronú díẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, kò sì fẹ́ kó hàn pé òun ò mọ̀. "Wàrà? Obìnrin ni. Ó dá mi lójú."

"Obìnrin!" Ràúdátù jókòó gbì sórí báàfù ìfọṣọ.

"O ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Akọ àgbọ̀nrín yẹn níwo. Abo rẹ̀ náà níwo."

"Abo tó níwo! Irú wọn náà ló ń gba ọkọ ọlọ́kọ."

"Òmíràn tún wà tó dà bíi màlúù, irun rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Bí ìkookò bá dé, gbogbo wọn á ṣe agbo, wọ́n á kẹ̀yìn síra wọn, wọ́n á kó àwọn ọmọ sáàárín."

"Ọmọ? Ọmọ ti wà níbẹ̀?"

"Báwo lọmọ ò ṣe ní wà? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bímọ níbẹ̀."

"Ó ti pẹ́! Yéè, mo dáràn!"

Àbdùlkàrímù rò pé adùn ọ̀rọ̀ òun ló ń mú un pariwo. Ó fa bẹ́ǹṣì súnmọ́ ọn.

"Fara balẹ̀, ìyàwó wa, ó ku kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ibẹ̀ lọ́gbọ́n. Nígbà òtútù, irun rẹ̀ á funfun bí òwú. Bí ooru bá dé, á di aláwọ̀ erùpẹ̀. Ó lè wà níwájú rẹ báyìí, kí o má mọ̀ pé òun ni."

"Mo mọ̀ ọ́n. Jàlàbíyà funfun ló wọ̀ jáde láàárọ̀ yìí."

"Ta ni?"

Ràúdátù ti tẹ nọ́ńbà ọkọ rẹ̀. Fóònù ti wà létí rẹ̀.

"Báa Ahmad, ẹ má kí mi! Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Àwọn ẹranko tí ẹ rà! Ta ló sọ fún mi? Bọ̀dá yín ni. Wọ́n jókòó síwájú mi níbí, wọ́n ń fi tọ́ọ̀ṣì kéde yín fáráyé!"

Ó fetí sí ohun tí Túndé ń sọ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo Àbdùlkàrímù láti ẹsẹ̀ dé orí, ó kọ ẹ̀yìn sí i. "Ẹ̀n-ẹ́n... Ẹ̀n-ẹ́n... Àṣé torí ẹ̀ ni? Ó dáa." Ó pa fóònù.

Àbdùlkàrímù ti dìde. "Ìyàwó wa, ẹranko wo ni Túndé rà?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ẹranko, Túndé rà."

"Tún-dí-rà! Orúkọ ilẹ̀ òtútù kan ni, lókè téńté ayé! Ilé-iṣẹ́ rédíò kan nígboro ló ní kí n wá sọ ọ́ fáwọn ọmọ iléèwé nírọ̀lẹ́ òní. Ọ̀gá wọn ní bó bá yé wọn, mo ti ríṣẹ́. Bí kò bá yé wọn, kí n padà sídìí ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí."

Ràúdátù fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ti ń bọ́ láàárín ìka rẹ̀.

"Ẹ ti dé ibẹ̀ rí ni, Bọ̀dá?"

"Èmi? Ibi tó tutù jù tí mo dé láyé mi ni iwájú fíríìsà àwọn ẹlẹ́ja. Bí ọyẹ́ Ìlọrin bá fẹ́ díẹ̀, súwẹ́tà méjì ni mò ń wọ̀. Ẹranko tó sì le jù tí mo ti kò lójú ni òbúkọ yín, ó lé mi wọlé."

"A kúkú rí yín. Bàtà kan lẹ fi wọlé."

Àbdùlkàrímù ká ọwọ́ lérí. "Bí ìwọ tó wà níwájú mi bá gbọ́ ọ báyìí, àwọn tó ń gbọ́ rédíò ńkọ́? Ìyàwó Túndé mélòó ló wà nílùú yìí? Mi ò bá ti tú ilé ká láti Tanke dé Malete kí ètò tó parí! Ilẹ̀ Òtútù ni màá pè é. Mo fi odidi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Túndírà, kò wá sí mi lọ́kàn pé mo lè má pè é rárá. Dákun, tún pe Túndé, ní kó má bínú. Kò ṣe nǹkan kan."

"Ó ṣe é o, Bọ̀dá."

"Kí ló ṣe?"

"Ó jẹ́wọ́. Àgbò méjì ló rà. Ó so wọ́n mọ́lẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Malete."

"Sùbùánálàhì! Túndé ra àgbò, ó fi pa mọ́ fún ìyàwó rẹ̀?"

"Èmi kọ́ ló fi pa mọ́ fún. Ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀? Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Kí ni mo ṣe fún un?"

Ràúdátù ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára aṣọ tó bọ́, kò kánjú. "Ó ní Iléyá èṣí, ẹ wá kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń pín ẹran. Ẹ ní ìdá kan fún mọ̀lẹ́bí, ìdá kan fún aládùúgbò, ìdá kan fún tálákà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo purọ́ ni?"

"Ẹ ò purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tá a pín in tán, ẹ gbé ti mọ̀lẹ́bí. Ẹ gbé ti aládùúgbò. Ẹ lọ sílé, ẹ tún padà wá gbé ti tálákà."

Àbdùlkàrímù wo ògiri tó pààlà ilé rẹ̀ àti tiwọn. Ó wo orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ tí wọ́n ti lẹ̀ nígbà méjì.

"Ràúdátù, fi Ọlọ́run ṣe é: nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, èwo ni kì í ṣe èmi?"