Mọ́tò Tó Fọ́n Gààrí Àlájà Kúbúrá Ká

Ẹjọ́ gààrí ló kó gbogbo wa lọ sí ààfin Baálẹ̀ Ògúnbáyọ̀ lánàá, lábúlé wa lẹ́bàá Òrù. Èmi tí mò ń lọ sóko ni mo jókòó ti ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ títí ọ̀sán fi pọ́n. Ẹ má bi mí léèrè oko.

Àlájà Kúbúrá ló pe ẹjọ́. Kò sí ẹni tí gààrí rẹ̀ kúnná tó tirẹ̀, nítorí ó máa ń jọ̀ ọ́ kó tó yan án, á sì tún jọ̀ ọ́ tó bá yan án tán. Ṣùgbọ́n láti èṣí ni èjìká ti ń dùn ún. Ló bá bẹ Waris tó ń tún ẹ̀rọ ṣe pé kó wá mọ́tò kékeré oníná tí yóò máa bá òun mi asẹ́.

"Baba, mo fi ọwọ́ mi hàn án," ni Àlájà wí. "Mo ní kó máa lọ, kó máa bọ̀, kó yára, ṣùgbọ́n tí mo bá ní kó rọra, kó rọra. Mọ́tò ẹ̀rọ ata ló lọ so mọ́ asẹ́ mi. Bó ṣe tàn án báyìí, gààrí gba ojú fèrèsé lọ. Tí mi ò bá lè jọ gààrí mọ́, iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Baálẹ̀ ní kí Waris fèsì.

"Baba, mọ́tò ò ṣe nǹkan kan. Gààrí Àlájà ló fúyẹ́ jù. Ká ní òkúta ló wà nínú asẹ́ ni, kò ní fò."

"Ta ni yóò wá jẹ òkúta náà?" ni Baálẹ̀ bi í.

Waris wolẹ̀. Ó ní òun rò pé mọ́tò tó bá lágbára jù ló dáa jù.

Jubril ládàánì jẹ́rìí pé àlùwàlá lòun ń ṣe lọ́wọ́ tí gààrí fi rọ̀ sínú búùtà òun. Ohun tó dun òun jù ni pé kò sí ṣúgà. Hafeez, ọ̀rẹ́ Waris, ní irọ́ ni, asẹ́ ò kúrò lójú kan.

"Kí ló wá ṣe iwájú orí ẹ tó wú báyìí?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Asẹ́ ló bà mí, Baba."

"Níbo lo dúró sí?"

"Òdìkejì títì."

Baálẹ̀ gbójú sókè wo òjò tó ń ṣú. Ó bi Waris bí wáípà tí ń nu òjò lójú gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣe. Waris ní ó ń lọ, ó ń bọ̀. Tí òjò bá ń ṣe wínníwínní, èèyàn á ní kó rọra, tó bá le, á ní kó yára. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀.

"O ní ohun tí Àlájà ń wá nínú ọkọ̀ ẹ, o lọ ń wá ti ẹ̀rọ ata kiri," ni Baálẹ̀ wí. "Lọ tú mọ́tò wáípà ẹ, kó o so ó mọ́ asẹ́ Àlájà lónìí. Ibẹ̀ ni yóò wà títí òjò ọdún yìí yóò fi dá, o ò sì gbọdọ̀ ra òmíràn. Tí òjò bá ká ẹ mọ́nà, na ọwọ́ síta, kó o máa fi nu gíláàsì."

Waris ní apá á dun òun.

"Ó máa dùn ẹ́. Ìgbà náà ni wàá mọ iṣẹ́ tí Àlájà bẹ̀ ẹ́."

Òjò rọ̀ láàárọ̀ yìí. Mo rí ọkọ̀ Waris lójú ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè, ọwọ́ kan yọ síta, ó ń lọ, ó ń bọ̀ lójú gíláàsì. Nígbà tí mo dé ilé Àlájà, asẹ́ ń mì jẹ́jẹ́, òun sì ká ọwọ́ lé itan. Àdúrà ló ń gbà. Ó ní kí n bá òun ṣe àmín, kí òjò ọdún yìí má tètè dá.