Iyọ̀ Tí Mo Fi Tọ́ Tẹ̀tẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi bọ̀rọ̀: ọjọ́ tí mo wá iyọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Rukáyà, aládùúgbò wa ní Adéwọlé, tí mo sì gbé ìtìjú bọ̀.

Ẹ̀fọ́ ló fà á. Ìyá Rukáyà gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Èmi náà gbin tèmi, ó rù bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí ọkọ mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọgbà obìnrin yẹn ló ti máa ń kọ́kọ́ dúró. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Rukáyà. Ẹ̀fọ́ yín yìí, máṣá Allah." Ta ló wá ń kí èmi kú iṣẹ́? Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Lásìkò yẹn, egungun àyà mi ṣeé kà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, mo rí i tó gbé ike iyọ̀ jáde, tó ń bu nǹkan funfun wóró-wóró wọ́n sí ìdí ẹ̀fọ́. Mo ní, àṣé ibi tí àṣírí ẹ̀ wà nìyí.

Mo hú tẹ̀tẹ̀ mi dànù, mo tún ebè ṣe, mo fọ́n irúgbìn tuntun, mo sì wọ́n iyọ̀ lé e. Kí tèmi lè ju tiẹ̀ lọ, mo tún po iyọ̀ mọ́ omi tí mo ń bu sí i. Mo wá ní kí ọkọ mi sọ fún Alájà, ìyá rẹ̀, pé bí wọ́n bá wá kí wa, ẹ̀fọ́ tí mo fọwọ́ ara mi gbìn ni wọn yóò jẹ. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Èyí tó pọ̀ jù kò hù rárá. Ìwọ̀nba tó yọjú, etí ewé wọn jó, wọ́n sì ká kò. Mo bá ẹni tó ta irúgbìn fún mi jà lọ́jà. Nígbà tí mo délé, mo rò pé iyọ̀ ni kò tó wọn, mo da gbogbo èyí tó kù sílé lé wọn lórí.

Alájà dé, ebè mi mọ́ bí àtẹ́lẹwọ́. Mo lọ bẹ Ìyá Rukáyà, ó já tẹ̀tẹ̀ kún abọ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Inú tún bí mi sí i. Ọbẹ̀ ti wà lórí iná kí n tó rántí pé kò sí iyọ̀ nílé mọ́. Mo padà lọ bá a nínú ọgbà, ike iyọ̀ ọjọ́sí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù díẹ̀ fún mi nínú iyọ̀ ọwọ́ yín yẹn."

Ó wo ike, ó wò mí. "Ìyàwó, ajílẹ̀ nìyí. Ike iyọ̀ tó ṣófo ni mo dà á sí. Ṣé o fẹ́ pa Alájà ni?" Ojú rẹ̀ wá kọjá fẹ́ńsì lọ sórí ebè mi, níbi tí iyọ̀ ti gbẹ tó ń funfun. "Wálàí, iyọ̀ lo dà síbẹ̀? Ṣebí iyọ̀ á fa omi mọ́ irúgbìn lọ́wọ́ ni. Báwo ló ṣe fẹ́ hù?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ó bu iyọ̀ gidi fún mi, ó sì tẹ̀ lé mi wá kí Alájà. Alájà jẹun, wọ́n gbàdúrà fún mi: "Ìyàwó mi, ọwọ́ ẹ dára. Ẹ̀fọ́ tó o gbìn yìí dùn."

"Ó ṣiṣẹ́ lé e lórí, Alájà," ni Ìyá Rukáyà wí jẹ́ẹ́. "Iyọ̀ tó lò nìkan, ẹ ò lè mọ̀."

Ọkọ mi ní kí ló túmọ̀ sí. Bí mo ṣe jẹ́wọ́ nìyẹn, tí ìyá àti ọmọ ń fi ẹ̀rín pa ara wọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n máa bi ẹni tí mo ń jowú ohun tó wà nínú ike kí n tó fara wé e. Ọkọ mi ṣì ń dúró kí Ìyá Rukáyà kú iṣẹ́. Ó ṣì ń dùn mí o. Àmọ́ bí mo bá ti rántí ebè funfun yẹn, ẹ̀rín á gbà mí lẹ́nu, màá sì lọ wo ike iyọ̀ mi bóyá ó ṣì kún.